Àwọn Amí Inú Fóònù: Ẹni Tó Ra Détà Ni Wọ́n Ń Fi Détà Rẹ̀ Ṣọ́

Bí obìnrin kan ní Ìbàdàn bá dìde lóru, tí ó gbé fóònù rẹ̀, tí ó sì ń wá ohun tí ó lè fa àìtètè lóyún àti ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè tọ́jú rẹ̀, ohun tí yóò wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun nìkan ló mọ̀. Kò tíì sọ fún ìyá rẹ̀, kò tíì sọ fún ọkọ rẹ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ṣeé ṣe kí àwọn ilé iṣẹ́ tí kò gbọ́ orúkọ wọn rí ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí ó ní irú fóònù báyìí, tí ó wà ní ìlú báyìí, ń wá ọmọ. Bí ọkọ rẹ̀ bá wá gba fóònù náà lọ́sàn-án láti fi wo ẹni tí ó gbá góòlù wọlé, ìpolówó ilé ìwòsàn tí ń tọ́jú àìrọ́mọbí lè yọjú sí i láàárín ìròyìn bọ́ọ̀lù. Àwọn àgbà ní ògiri létí. Ní ayé òde òní, ògiri náà ti ní ìwé àkọsílẹ̀, ó sì ń ta ohun tí ó gbọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí irú nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀ sí ni wọ́n máa ń sọ pé fóònù àwọn ló ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn. Fóònù kò nílò láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ènìyàn tẹ̀, ohun tí ó kà, bí ó ti pẹ́ tó lórí rẹ̀, àti ibi tí ó lọ lẹ́yìn náà ti tó láti fi mọ ohun tí ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ẹnu a máa parọ́. Ohun tí ènìyàn ń wá ní aago méjì òru kì í sábà parọ́.

Ọdún 1994 ni Lou Montulli, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní ilé iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà, ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní kúkì. Kì í ṣe nítorí àtiṣọ́ ẹnikẹ́ni ló ṣe ṣe é. Ojú òpó ayélujára ìgbà náà dà bí ọlọ́jà tí ó máa ń gbàgbé oníbàárà rẹ̀ ní kété tí onítọ̀hún bá yí ẹ̀yìn padà: ẹni tí ó kó ìwé méjì sínú agbọ̀n, kí ó tó dé ibi tí yóò ti sanwó, agbọ̀n ti ṣófo. Kúkì ni àmì kékeré tí ojú òpó náà fi pamọ́ sínú búráúsà, ìyẹn áàpù tí ènìyàn fi ń wo ayélujára, kí ó lè dá a mọ̀ nígbà tí ó bá padà wá. Ohun rere ni. Òun ni kì í jẹ́ kí ènìyàn máa tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ léraléra ní gbogbo ìgbà tí ó bá ṣí ojú ìwé tuntun.

Ibi tí wàhálà ti wọlé ni pé ojú òpó kan kì í sábà jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Ìròyìn lè jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ìròyìn, ṣùgbọ́n àyè ìpolówó tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ mìíràn, bọ́tìnì tí ènìyàn fi ń pín ìròyìn náà jẹ́ ti ẹlòmíràn, ohun tí ó ń ka iye òǹkàwé sì tún jẹ́ ti ẹlòmíràn. Oníkálukú wọn ló lè fi kúkì tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìpolówó kan náà bá wà lórí ojú òpó bọ́ọ̀lù, tí ó wà lórí ti oúnjẹ sísè, tí ó wà lórí ti ìlera àti ti ẹ̀sìn, àmì kan ṣoṣo tí ó fi sínú búráúsà ni yóò fi mọ̀ pé ẹnì kan náà ló ń lọ káàkiri. Ní ọjà Bódìjà, kò sí ẹni tí yóò bínú pé aláta mọ oníbàárà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin kan bá tẹ̀lé obìnrin láti ìsọ̀ aláta dé ilé olóògùn, tí ó tẹ̀lé e dé ṣọ́ọ̀ṣì àti báńkì, tí ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ariwo gbọ́mọgbọ́mọ ni wọn yóò pa lé e lórí kí ó tó jáde lọ́jà. Lórí ayélujára, iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún nìyẹn.

Kúkì nìkan kọ́ ni ọgbọ́n tí wọ́n ń dá. Bí fóònù ṣe tóbi tó, èdè tí wọ́n tò ó sí, aago ìlú tí ó ń lò, irú lẹ́tà tí ó wà nínú rẹ̀: bí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó lè tó láti fi yọ fóònù kan láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ bí ìgbà tí wọ́n tẹ̀ka. Ẹni tí ó pa kúkì rẹ́ kò pa èyí rẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí àwọn ènìyàn mọ̀ jù lọ ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ojú òpó bá ń ṣí lọ́wọ́, tí òǹkàwé ń wo àmì róbótó kékeré tí ń yí po. Lẹ́yìn àmì yẹn, wọ́n ń lu àyè ìpolówó ní gbàńjo. Ìkéde kan á jáde lọ: ẹnì kan dé, irú fóònù tí ó ń lò nìyí, ìlú tí ó wà nìyí, ohun tí ó fẹ́ kà nìyí, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ nìyí; èló ni ẹ óò san kí ó lè rí ìpolówó yín? Àwọn ilé iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ á dá owó lé e, ẹni tí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù á gba àyè náà, ìpolówó á sì yọ. Gbogbo rẹ̀ kì í tó ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹnì kan ló máa ń borí nínú gbàńjo yìí, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ ló gbọ́ ìkéde. Ẹni tí kò ní ohun tí yóò polówó rárá lè jókòó síbẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, kí ó máa kó ìkéde jọ. Báyìí ni òwò àwọn alágbàtà détà ṣe gbilẹ̀, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n ra ìròyìn nípa ènìyàn níhìn-ín kí wọ́n tà á lọ́hùn-ún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, Federal Trade Commission, àjọ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, gbé ilé iṣẹ́ Kochava lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀sùn wọn ni pé ó ń ta àkọsílẹ̀ ibi tí fóònù ń lọ, èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi tọpa ènìyàn dé ilé ìwòsàn, ilé ìjọsìn, àti ilé ààbò àwọn tí ó sá fún ìyà nínú ìgbéyàwó. Ní oṣù kejì ọdún 2023, àjọ kan náà mú GoodRx, ilé iṣẹ́ tí ń bá àwọn ènìyàn wá oògùn ní owó pọ́ọ́kú, nítorí pé ó gbé ọ̀rọ̀ ìlera àwọn oníbàárà rẹ̀ fún Facebook, Google àti àwọn mìíràn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là ni owó ìtanràn tí wọ́n ní kí ó san. Ẹni tí ó ń wá oògùn àìsàn tí kò fẹ́ kí aládùúgbò mọ̀, orúkọ oògùn yẹn ni wọ́n ti gbé dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ìpolówó.

Apá kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kì í sábà mẹ́nu bà, nítorí pé kò dùn wọ́n tó bí ó ti ń dun àwọn ará ilé. Ní Nàìjíríà, détà tí púpọ̀ ènìyàn ń lò kì í ṣe àìlópin. Wọ́n ń rà á díẹ̀díẹ̀ ni, ti ọjọ́ kan, ti ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn àwòrán ìpolówó, fídíò tí ń ṣí fúnra rẹ̀, àti àwọn ètò tí ń tọpasẹ̀ òǹkàwé, inú détà yẹn kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wọlé. Ọmọ ilé ìwé tí ó ra détà láti ka àbájáde ìdánwò rẹ̀, òun náà ló ń sanwó ọkọ̀ fún amí tí ń tẹ̀lé e. Ìrẹ́jẹ yìí ga ju ti àṣírí lọ, ó sì yani lẹ́nu pé àwọn tí ń sọ̀rọ̀ nípa owó détà tó wọ́n kì í ka èyí mọ́ ọn.

Àwọn kan yóò ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, pé wọn yóò tún un ṣe. Ìtàn Google lórí ọ̀rọ̀ kúkì ti tó ẹ̀kọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ilé iṣẹ́ náà kéde pé láàárín ọdún méjì, Chrome, búráúsà tí àwọn ènìyàn ń lò jù lọ lágbàáyé, kò ní gba kúkì àjèjì láàyè mọ́. Kí ọdún méjì náà tó pé, wọ́n sún un sí 2023. Wọ́n tún sún un sí 2024, wọ́n sì tún sún un sí 2025. Ní oṣù keje ọdún 2024, wọ́n ní àwọn kò ní mú un kúrò mọ́, pé oníkálukú ni àwọn yóò bi léèrè ohun tí ó fẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n ní ìbéèrè yẹn pàápàá, àwọn kò ní bi í mọ́. Kí a má parọ́ mọ́ wọn, àwọn olùdíje wọn pariwo, àjọ tí ń rí sí ìdíje òwò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì bẹ̀rù pé bí kúkì àjèjì bá lọ, Google nìkan ni yóò kù lọ́jà. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àsìkò yìí, Safari ti Apple ti dènà kúkì àjèjì pátápátá láti ọdún 2020, Firefox sì ti ń dènà àwọn amí tí ó mọ̀ láti ọdún 2019. Ayélujára kò wó. Ìpolówó ni ọ̀pọ̀ jù lọ owó Google ti ń wá. Ẹni tí ń jẹ iṣu kọ́ ni wọ́n ń fi ṣọ́ oko iṣu.

Ọ̀rọ̀ wá kan òfin. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé Nàìjíríà kò ní òfin. Abala 37 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Ní ọdún 2019, àjọ NITDA gbé ìlànà kan jáde lórí ìdáàbòbò détà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lu òfin gan-an, èyí tí ó gbé àjọ NDPC kalẹ̀. Òfin náà fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ kí wọ́n má lo détà rẹ̀ fún ìpolówó tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ọ́. Ilé iṣẹ́ ńlá tí ó bá rú òfin yìí lè san mílíọ̀nù 10 náírà, tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó wọlé fún un lọ́dún, èyí tí ó bá pọ̀ jù.

Kì í sì í ṣe orí ìwé nìkan ni. Ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ FCCPC tí ń jà fún ẹ̀tọ́ oníbàárà bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, tí ó ni Facebook àti WhatsApp, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ní oṣù kejì ọdún 2025 kan náà, NDPC bu 32.8 mílíọ̀nù dọ́là tirẹ̀ lé e. Ìpolówó tí wọ́n gbé ka ìwà àti ìṣesí ènìyàn, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wà lára ohun tí NDPC torí rẹ̀ bínú. Nínú ohun tí FCCPC sọ, gbólóhùn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn fi sọ́kàn: pé wọn kò fi ojú kan náà wo àwọn ọmọ Nàìjíríà àti àwọn ará ibòmíràn tí òfin wọn jọ ara wọn. Kò ṣòro láti rí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àbúrò wà ní Òṣogbo. Àwọn méjèèjì ṣí ojú òpó kan náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á bi ẹ̀gbọ́n bóyá ó gbà kí wọ́n máa tọpasẹ̀ rẹ̀. Àbúrò ni kò sí ẹni tí yóò bi ní nǹkan kan. Ọmọ ìyá kan náà, ẹ̀tọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ibi tí fóònù wọn wà.

Àṣeyọrí gidi ni àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí. Síbẹ̀, ó rọrùn láti nawọ́ sí òyìnbó tí ó wà ní Kalifọ́níà. Ta ni yóò bi àwọn tí ó wà nílé? Ẹni tí ó bá ṣí ojú òpó àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn ilẹ̀ yìí pẹ̀lú búráúsà tí ń ka amí, yóò rí i bí iye wọn ṣe ń gòkè. Àwọn kan nínú wọn kò béèrè àṣẹ rárá. Àwọn tí ó béèrè, bọ́tìnì 'Accept all' ni wọ́n kun ní àwọ̀ títàn, ibi tí ènìyàn lè gbà sọ pé òun kò fẹ́ sì wà lẹ́yìn ojú ìwé mẹ́ta, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn agbẹjọ́rò. Òǹkàwé tí ó wá ka ìròyìn ní Yorùbá ni wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣẹ kọ́ nìyẹn. Ní Faransé, irú ẹ̀tàn yìí gan-an ló mú kí àjọ CNIL bu 150 mílíọ̀nù owó yúrò lé Google, tí ó sì bu 60 mílíọ̀nù lé Facebook ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022: ó rọrùn láti gbà, kò rọrùn láti kọ̀.

Kí ìjọba tó dìde, ènìyàn lè ṣe díẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹni tí ó ń lo Chrome lórí fóònù Android lè wọ inú 'Settings', kí ó wá ibi tí wọ́n kọ 'Third-party cookies' sí, kí ó sì dènà wọn. Nínú 'Settings' fóònù náà fúnra rẹ̀, lábẹ́ 'Google', ibì kan wà tí wọ́n kọ 'Ads' sí. Níbẹ̀ ni ó ti lè pa nọ́ńbà ìpolówó fóònù rẹ̀ rẹ́. Lórí iPhone, 'Privacy & Security' ni yóò wọ̀, kí ó tẹ 'Tracking', kí ó sì ti ilẹ̀kùn náà pa. Ẹni tí ó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gba Firefox sórí Android rẹ̀, kí ó fi uBlock Origin sínú rẹ̀, tàbí kí ó lo Brave. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, yóò sì rí i pé détà rẹ̀ ń pẹ́ sí i. Ohun kan tí kò gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ni ojú ìwé dúdú tí wọ́n ń pè ní 'Incognito'. Àwọn ará ilé tí ń gba fóònù lò nìkan ni ìyẹn ń fi nǹkan pamọ́ fún. Ojú òpó tí ènìyàn wọ̀ ṣì ń rí i. Wọ́n pe Google lẹ́jọ́ lórí èyí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2020, ní ọdún 2024 ni ilé iṣẹ́ náà sì gbà láti pa ọ̀kẹ́ àìmọye àkọsílẹ̀ rẹ́.

Àwọn oníròyìn ní ìdáhùn kan tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Wọ́n ní ìpolówó ni àwọn fi ń san owó oṣù, pé òǹkàwé kò fẹ́ sanwó, pé bí wọ́n bá mú amí kúrò, ebi yóò pa àwọn. Òótọ́ ni ebi. Ẹni tí ó mọ inú ilé iṣẹ́ ìròyìn kò ní jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpolówó àti amí kì í ṣe ohun kan náà. Láti ìgbà tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859 títí di òpin ọ̀rúndún ogún, kò sí ìwé ìròyìn kankan tí ó mọ ẹni tí ó ka ojú ìwé kẹta tí kò ka ìkẹrin. Rédíò polówó àgbo, kò sì tẹ̀lé olùgbọ́ dé yàrá. Ìpolówó bàtà bọ́ọ̀lù lè wà lórí ìròyìn bọ́ọ̀lù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ orúkọ tàbí àìsàn ẹni tí ń kà á. Ní ilẹ̀ Netherlands, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn ti gbogbo ènìyàn, NPO, mú kúkì tí ń tọpasẹ̀ ènìyàn kúrò ní ọdún 2020, tí ó sì ta ìpolówó nígbà náà gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó wà lójú ìwé. Owó ìpolówó rẹ̀ lọ sókè ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ ọdún náà. Nínú gbàńjo àwọn amí, ọ̀pọ̀ alágbàtà ló wà láàárín ẹni tí ó polówó àti ẹni tí ó kọ ìròyìn, oníkálukú ló sì ń bu tirẹ̀ kí owó tó dé ọwọ́ oníròyìn. Àwọn tí wọ́n ń bẹ̀rù àtipàdánù ni wọ́n ń jẹ àjẹkù.

Ọ̀dọ̀ ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí NDPC ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó yẹ ojú òpó àwọn ìpínlẹ̀, ti ilé ìwòsàn ìjọba àti ti àwọn fásitì wò, kí ó sì tẹ ohun tí ó bá rí jáde, nítorí kò sí ìdí kankan tí ẹni tí ń wá fọ́ọ̀mù ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ rẹ̀ fi yẹ kí ó bá ilé iṣẹ́ ìpolówó pàdé níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá kan báńkì, àwọn áàpù tí ń yáni lówó, àti ilé iṣẹ́ ìròyìn: bọ́tìnì méjì, tí ó tóbi bákan náà, tí ó ní àwọ̀ kan náà, ọ̀kan fún 'mo gbà', ọ̀kan fún 'n kò gbà', ní èdè tí òǹkàwé náà wá kà.